Ìtọ́jú Awọ Orí Lẹ́yìn Tí Irun Bá Já Nítorí Oògùn Jẹjẹrẹ: Ohun Tó Yẹ Kí Ìdílé Mùsùlùmí Mọ̀

 

Ẹnu bàálé ilé kan ni ìbéèrè tó bí àpilẹ̀kọ yìí ti wá. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ló dúró dè wá níbi tí a ń bọ́ bàtà sí, ó fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ìyàwó òun ń gba oògùn kímò fún jẹjẹrẹ ọmú. Irun orí rẹ̀ ti já tán. Awọ orí ń yún un, ó sì ń ta á, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i, títí kan òun ọkọ. Hìjáábù kì í kúrò lórí rẹ̀ mọ́, àní tó bá fẹ́ sùn. Ohun tí ọkùnrin náà wá bi wá ni pé, ṣé àlùwàlá ìyàwó òun ṣì pé, nígbà tí ẹ̀rù ń bà á láti fi omi kan orí?

A dá a lóhùn lórí àlùwàlá. Nígbà tí a délé ni a wá rò ó pé àlùwàlá nìkan kọ́ ni ìṣòro obìnrin náà. Orí tí aṣọ bò tọ̀sán-tòru, tí afẹ́fẹ́ kò dé, tí omi kò kàn, yóò máa yún un lọ ni. Ìdí nìyí tí a fi pinnu láti kọ ohun tí àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ń sọ fún àwọn aláìsàn, kí a sì fi ohun tí ẹ̀sìn wa sọ kún un, nítorí pé nínú ilé Mùsùlùmí, méjèèjì kì í yà.

Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí ná: Al-Kùránì fúnra rẹ̀ dárúkọ ìnira orí. Nínú Sūratul-Baqarah, āyà 196, Allāh fún ẹni tó wọ aṣọ hárámì ní àyè láti fá orí rẹ̀ ṣáájú àsìkò bí ìnira bá wà ní orí náà, kó sì san ìtánràn. Orí Ka'b ọmọ 'Ujrah ni àyè yìí sọ̀ lé, nígbà ìrìn àjò Hudaybiyyah. Iná orí ló bò ó débi tó ń jábọ́ sí i lójú. Ànábì rí i, ìnira rẹ̀ sì ká a lára, ó ní kó fá a. Ẹni tó bá ń rò pé ọ̀rọ̀ awọ orí kéré jù láti mú lọ sọ́dọ̀ àáfà tàbí dókítà, kó ronú sí èyí.

Kí ló ń mú irun já?

Wọ́n ṣe oògùn kímò láti pa sẹ́ẹ̀lì tó ń yára bí sí i, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n oògùn náà kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tó wà ní gbòǹgbò irun náà ń yára bí sí i, torí pé nǹkan bíi 9 nínú 10 irun orí wa ló máa ń wà lẹ́nu ìdàgbà lásìkò kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni inú ẹnu àti ìfun. Ìdí nìyẹn tí egbò ẹnu àti ìgbẹ́ gbuuru fi sábà máa ń bá irun jíjá rìn.

Kì í ṣe gbogbo oògùn jẹjẹrẹ ló ń mú irun já. Doxorubicin, èyí tó pupa bí omi sóbò nínú àpò rẹ̀, máa ń mú un já. Cyclophosphamide, paclitaxel àti docetaxel náà wà nínú àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn kàn máa ń mú kí irun fẹ́lẹ́ ni. Ẹ bi dókítà kí wọ́n tó fa omi àkọ́kọ́ sí i lára, kí ilé lè mọ ohun tó ń bọ̀. Ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ ni irun sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí já. Kó tó já, awọ orí lè máa dùn ún bí ẹni pé wọ́n di irun náà le jù. Irun ojú, irun imú, irun abíyá àti irùngbọ̀n náà lè lọ.

A ń ṣàlàyé èyí nítorí ohun tí etí wa ti gbọ́. Irun á wà lórí ìrọ̀rí láàárọ̀, ìyá ọkọ á ní ayé ti bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn á máa ṣa irun náà jọ, kó máa tì í mọ́ àpótí, kí ọ̀tá má baà rí i mú. Oògùn ló mú un já. Gbígbá a jọ kí a sì rì í mọ́lẹ̀ dára, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ nítorí ọ̀wọ̀ ara ọmọ ènìyàn, kì í ṣe nítorí ìpayà.

Kí irun tó já tán

Àwọn nọ́ọ̀sì sábà máa ń dábàá pé kí aláìsàn gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí já. Ó dín ìfàyà awọ orí kù, ó sì dín ẹ̀dùn ọkàn kù, torí pé irun gígùn tó ń já ní ìṣù-ìṣù máa ń bani lẹ́rù ju irun kúkúrú lọ. Kílípà oníná ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi ọtí tí wọ́n fi ń nu egbò nu ẹnu rẹ̀ dáadáa kó tó kan orí. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ abẹ onígbàjámọ̀ tàbí bíléèdì. Ojú abẹ kékeré tí ẹni tí ara rẹ̀ le kò ní kà sí lè di àkóràn fún ẹni tí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Níbí ni àwọn obìnrin wa ti máa ń bi wá pé, ṣé kì í ṣe èèwọ̀ fún obìnrin láti fá orí? Àwọn onímọ̀ kọ̀ ọ́ fún obìnrin láìsí ìdí, Ànábì sì yọwọ́ yọsẹ̀ nínú ẹni tó ń fá orí nítorí òkú. Àìsàn jẹ́ ìdí. Ẹni tí oògùn fẹ́ mú irun rẹ̀ já kò sí nínú ìkìlọ̀ yẹn rárá. A mọ̀ pé nílẹ̀ Yorùbá, bí wọ́n bá rí obìnrin tí orí rẹ̀ pá, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni opó. Ìyẹn wà lára ohun tó ń mú kí wọ́n máa sá pamọ́. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀ lóde, ẹ má bi í pé ta ló kú.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, fìlà onítútù wà tí wọ́n ń dé sórí nígbà tí oògùn bá ń wọ ara. Òtútù náà máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí awọ orí dín kù, kí oògùn tó máa dé ibẹ̀ má pọ̀. Oṣù December 2015 ni àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí irú rẹ̀ kan fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọmú. Kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn, wọn kì í sì í lò ó fún ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ẹ̀yà wa tó wà ní London tàbí Houston lè béèrè nípa rẹ̀. Níbí, ẹ má fi owó oògùn wá a kiri.

Fífọ orí àti pípa á

Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kò gbọdọ̀ gbóná. Ṣáńpù tàbí ọṣẹ ọmọ ọwọ́ tí kò ní òórùn dídùn ló dára jù. Ọwọ́ ni kí ẹ fi rọra fọ̀ ọ́, ẹ má lo kànìnkànìn. Tí ẹ bá ti ṣan án, kí ẹ fi tówẹ̀lì rírọ̀ tẹ omi náà gbẹ. Ẹ má fi nù ún ní ìnùjù. Bí irun díẹ̀ bá ṣì kù, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó.

Ọ̀pọ̀ á ní ọṣẹ dúdú ńkọ́? A fẹ́ràn ọṣẹ dúdú, òun ni wọ́n fi tọ́ wa. Ṣùgbọ́n eérú ni wọ́n fi ṣe é, ó le, ó sì máa ń mú awọ gbẹ. Awọ orí tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀ kò nílò rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ títí irun yóò fi hù padà.

Lẹ́yìn fífọ̀, ìpara tí kò ní òórùn dídùn ni kí ẹ fi pa á nígbà tí awọ ṣì rọ̀. Òrí tó mọ́, tí wọ́n kò po nǹkan kan mọ́, dára púpọ̀ fún èyí. Òróró àgbọn náà dára. Ẹ fi díẹ̀ kan ẹ̀yìn apá ná, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì, torí ara tó ń gba kímò lè kọ ohun tó máa ń gbà tẹ́lẹ̀. Ẹ bu òrí náà sínú ike kékeré tó mọ́, tó jẹ́ ti aláìsàn nìkan. Igbá òrí tí gbogbo ilé ń ti ìka bọ̀ kì í ṣe fún un.

Ìpara ata-íńtì tó ń jó ara, èyí tí a fi ń pa ẹ̀yìn ríro, kò gbọdọ̀ kan orí náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọtí, tíráì tó ń gbẹ irun, àti àwọn ìpara inú túùbù tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì fún gbogbo oríṣi ìyọ́nú ara. Púpọ̀ nínú wọn ní oògùn steroid nínú, tó lè fi àkóràn pamọ́ kó sì jẹ́ kó tàn. Òróró habbatus-sawdā' ńkọ́? A mọ hàdíìsì tó yìn ín. Ṣùgbọ́n awọ àwọn kan máa ń kọ̀ ọ́, ó máa ń pupa kó sì bó. Ẹ má fi pa orí tó bó tàbí tó ní egbò, ẹ má sì fún aláìsàn ní èyíkéyìí mu láìsọ fún dókítà rẹ̀, torí ohun tí a ń gbé mì lè bá oògùn kímò jà. Ohun kan náà ni a ó sọ nípa àgbo.

Hàǹtú náà wà níbẹ̀. Àáfà ni wá, a kò ní bú àáfà ẹgbẹ́ wa. Ṣùgbọ́n omi tí wọ́n fọ láti ara wàláà, tó ti sùn nínú ìgò, kì í ṣe omi tí a lè dà sórí egbò ẹni tí ara rẹ̀ kò lè gbógun ti kòkòrò. Ẹ ka Fātihah àti àwọn sūrà ààbò sí i lára, kí ẹ fẹ́ ẹ sí ọwọ́ ara yín, kí ẹ sì fi ọwọ́ tó mọ́ náà pa á lórí. Sunna ni ìyẹn.

Ohun tí ẹ ó fi bò ó

Òwú ni kó kan awọ orí. Fìlà òwú rírọ̀ tí kò ní ojú rírán líle nínú ni kó kọ́kọ́ wà lábẹ́ hìjáábù, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ sì sá a sí oòrùn. Aṣọ ọ̀rá tó ń mú ooru máa ń mú kí ó yún sí i. Nínú ilé, láàárín àwọn tí ẹ̀sìn gbà á láyè láti rí orí rẹ̀, kí ó ṣí i sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́. Hìjáábù kì í ṣe dandan níwájú ọkọ, ọmọ, bàbá tàbí ìyá. Aṣọ ìrọ̀rí sátínnì tàbí òwú tó dán ló dára láti sùn lé.

Àwọn ọkùnrin tí orí wọn wà ní gbangba ni oòrùn máa ń bà jẹ́ jù. Kí wọ́n dé fìlà, tàbí kí wọ́n fi ìpara ààbò oòrùn tó jẹ́ SPF 30 ó kéré tán pa á. Lásìkò ọyẹ́, ẹ pa òrí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ já, kò pàdánù Sunna kankan. Ẹni tó fá a fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀.

Ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ sáré

Apá yìí ni a fẹ́ kí ẹ kà fún gbogbo ará ilé. Ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn oògùn ni sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń kéré jù. Bí ara bá gbóná dé 38 lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara, tàbí tí òtútù tó ń gbọ̀n èèyàn bá mú un, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn tó ti ń gba oògùn lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ òru. Ẹ má fún un ní parasitamọ́ọ̀lù kí ẹ wá sùn dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ẹ má sọ pé ibà ni, ẹ má ra oògùn ibà. Kí ẹ sì sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé oògùn kímò ló ń gbà, kí wọ́n má baà tò ó sẹ́yìn èrò.

Ní ti awọ orí, bí eéwo kéékèèké tó ní ọyún bá yọ níbi tí irun ti já, tí ibì kan bá pupa, tó gbóná tàbí tó wú, tí omi bá ń jáde níbẹ̀, ẹ fi han dókítà lọ́jọ́ náà. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Bí yíyún náà kò bá jẹ́ kó sùn, ìyẹn náà tó sọ. Oògùn wà fún un.

Àlùwàlá àti ìwẹ̀ jánábà

Orí tí kò ní irun, awọ rẹ̀ ni a ó fi ọwọ́ tútù pa. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fífi ọwọ́ pa orí kì í ṣe fífọ̀, nítorí náà kò sí ohun tó ní kí omi máa ṣàn. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tọ́ fún àlùwàlá bí omi tútù ṣe tọ́. Bí ẹ̀rù bá wà pé kíkan orí náà tàbí ṣíṣí i yóò pa á lára, Mọ́súhábù Màlíkì tí ọ̀pọ̀ àáfà ilẹ̀ wa kọ́, gbà á láyè kó pa ọwọ́ lórí ohun tó fi bò ó. Níbi ìwẹ̀, bí dókítà bá ní kí omi má kan egbò kan, kí ó wẹ ìyókù ara, kó fi ọwọ́ tútù pa egbò náà. Bí ìyẹn bá máa ni ín lára, kó pa ọwọ́ lórí aṣọ tí wọ́n fi dì í. Ẹni tí omi yóò pa lára pátápátá, kó ṣe táyámọ́mù.

A ti ṣi ọ̀rọ̀ yìí sọ rí. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, arábìnrin kan béèrè nípa ìwẹ̀ nínú kíláàsì àwọn ìyá, a sì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé kó da omi sórí lẹ́ẹ̀mẹta, láìbi í pé kí ló dé tó fi ń béèrè. Orí rẹ̀ ti bó. Ó ṣe bí a ṣe wí, ó sì jẹ ìrora. Nígbà tí a gbọ́, hàdíìsì Jābir tó wà nínú ìwé Abū Dāwūd ló wá sí wa lọ́kàn: ọkùnrin tó fi orí ṣèṣe lójú ìrìn àjò, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ fún un pé kò sí àyè fún un bí kò ṣe kó wẹ̀, tó wẹ̀ tó sì kú. Ànábì bínú sí wọn gidigidi pé kí ló dé tí wọn kò béèrè nígbà tí wọn kò mọ̀. Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè ni a kọ́kọ́ ń bi ẹni tó bá bi wá ní ìbéèrè.

Ọ̀rọ̀ wíìgì

Èyí le díẹ̀, a kò sì ní fi pamọ́. Ó wà nínú hàdíìsì tó dájú pé ìyá kan wá bá Ànábì pé àìsàn ti mú irun ọmọ òun obìnrin já, ọmọ náà sì ti di ìyàwó, ṣé òun lè so irun mọ́ ọn? Ànábì kọ̀, ó sì ní Allāh ṣẹ́bi lé ẹni tó ń so irun mọ́ irun. Nítorí hàdíìsì yìí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní wíìgì kò tọ́ kódà fún aláìsàn. Àwọn onímọ̀ kan láyé ìsinsìnyí, Shaykh Ibn 'Uthaymīn wà nínú wọn, ní ti ẹni tí kò ní irun rárá yàtọ̀, torí pé àbùkù ni ó ń bò, kì í ṣe ẹwà ni ó ń wá lé ẹwà. Wọ́n fi í wé 'Arfajah tí imú rẹ̀ gé lójú ogun, tí Ànábì ní kó fi wúrà ṣe imú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wúrà jẹ́ èèwọ̀ fún ọkùnrin.

Èrò tiwa ni pé obìnrin tó ń lo hìjáábù kò fi bẹ́ẹ̀ nílò wíìgì lóde, nínú ilé sì ni fìlà òwú ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. Ṣùgbọ́n bí arábìnrin kan bá di ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ tó gbà á láyè mú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ba ọjọ́ rẹ̀ jẹ́. Kó má jẹ́ irun ènìyàn, kó má lo gọ́ọ̀mù tó ń lẹ̀ mọ́ awọ, kó sì máa bọ́ ọ sílẹ̀ lálẹ́. Fífi tìróò tàbí pẹ́ńsù ya irun ojú tó ti já kì í ṣe fífa irun ojú tí a kọ̀.

Nígbà tí irun bá ń hù padà

Ọ̀sẹ̀ 3 sí 6 lẹ́yìn oògùn ìkẹyìn ni irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ti ọmọ tuntun sábà máa ń yọ. Láàárín oṣù 3 sí 6, orí yóò ti bò. Irun náà lè rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó lè ká, àwọ̀ rẹ̀ lè yàtọ̀. Ó sábà máa ń padà sí bó ṣe wà. Fún àwọn díẹ̀, pàápàá lára àwọn tó gba docetaxel, kì í hù tán. Ẹni tí wọ́n jó orí rẹ̀ gan-an lẹ́rọ náà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, kó bi dókítà rẹ̀.

Kí oṣù 6 tó pé, kò sí rílásà, kò sí dáì, kò sí irun dídì tó le, kò sí wífọ́ọ̀nù. Làálì gidi tí wọ́n lọ láti ara ewé sàn ju dáì lọ, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń pè ní làálì dúdú máa ń ní kẹ́míkà dáì tó lè bó awọ. Ẹ yẹra fún un. Oògùn minoxidil tí wọ́n ń tà fún irun kì í dá irun dúró kó má já. Bóyá ó lè mú kó tètè hù, ọwọ́ dókítà ni ìyẹn wà.

Bàálé ilé tó bi wá léèrè tún dúró dè wá ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó ní ìyàwó òun ti jẹ́ kí òun rí orí náà, àti pé òun ra fìlà òwú mẹ́ta. Ọwọ́ òun ni ó fi ń pa òrí fún un báyìí lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Ohun tó wá bi wá lọ́jọ́ yẹn ni ibi tí òun ti lè rí òrí tí wọn kò lú.